Ibi Tí Iṣẹ́ Abẹ Parí Sí

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni bí ara aláìsàn ṣe lè tètè mókun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí gbogbo àwọn tí ìtọ́jú rẹ̀ kàn, láti ọjọ́ tí a ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un títí di ọjọ́ tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ kí n tó sọ èrò ọkàn mi. Ní ilẹ̀ wa yìí, orí tábìlì abẹ kọ́ ni a ti ń pàdánù ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pàdánù. Ojú ọ̀nà ni, níbi tí ẹnì kan ti ń fa aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí ẹni tí ó gbà á kò sì mọ ohun tí ẹni tí ó fà á kalẹ̀ mọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni. Ní ọdún 2018, ìwé àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bruce Biccard ti ìlú Cape Town ṣíwájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn 247 ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára wọn, ni wọ́n ti ṣọ́ gbogbo àgbàlagbà tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárín ọjọ́ méje, iye àwọn aláìsàn náà sì lé ní 11,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà ni ó jẹ́ fífi abẹ gbẹ̀bí. Àwọn ènìyàn wa wọ̀nyí kò dàgbà tó àwọn tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ilẹ̀ òkèèrè, àìsàn mìíràn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá wọn fínra, síbẹ̀ ikú tí ó pa wọ́n tó ìlọ́po méjì iye tí a ń rí káàkiri ayé. Ènìyàn 239 ni ó kú, ṣùgbọ́n nínú 239 yìí, 225 ni kò kú ní ọjọ́ tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ wá lára. Oníṣẹ́ abẹ ti rán ojú abẹ tán, wọ́n ti jáde wá sọ fún àwọn ẹbí pé ó yọrí sí rere, àwọn ẹbí ti kúnlẹ̀ dúpẹ́, ẹnì kan tilẹ̀ ti lọ ra ohun mímu fún àwọn tí ó bá wọn ṣọ́ aláìsàn, kí ọ̀ràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yíwọ́ ní ọjọ́ kẹta tàbí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kòkòrò tí ń mú egbò kẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni.

Àwọn bàbá wa ní iṣẹ́ abẹ tiwọn. Olóòlà, ọmọ Ògún lákáayé, tí irin ń bẹ ní ìkáwọ́ rẹ̀, òun nìkan ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: òun ni yóò wo ojú ọmọ bóyá ara rẹ̀ le, òun ni yóò fi abẹ kàn án, òun ni yóò fọ́ ìdí ìgbín kí omi ẹ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè kán sí ojú egbò, òun náà ni yóò sì máa yà wò ó títí egbò náà yóò fi jiná. N kò wí pé kí a padà sọ́dọ̀ olóòlà, nítorí àwọn ọmọ tí egbò wọn kẹ̀, àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà títí ẹ̀mí fi bọ́, kò sí láyé mọ́ láti wá jẹ́rìí. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí àlàfo láàárín ọwọ́ olóòlà àti ọwọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ìmọ̀ òde òní ni ó mú ọwọ́ pọ̀ sí i. Nígbà tí William Morton fi hàn ní Boston ní oṣù kẹwàá ọdún 1846 pé èéfín oògùn ether lè kun ènìyàn lóorun kí a sì gé kókó ọrùn rẹ̀ láìsí pé ó ń ké, tí Joseph Lister sì bẹ̀rẹ̀ sí fi carbolic acid tọ́jú egbò ní Glasgow ní ọdún 1865 kí ó má baà kẹ̀, abẹ rí àyè wọ inú àyà àti inú ikùn, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kò jẹ́ dán wò tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, Sir Samuel Manuwa, tí ó jẹ́ àgbà oníṣẹ́ abẹ, ṣe ọ̀bẹ kan jáde fún gígé ẹran kíkẹ̀ kúrò nínú egbò ńlá tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Bí iṣẹ́ náà ti ń jinlẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀ ni ó ń pín. Lónìí, ẹni tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún yóò kọjá lọ́wọ́ dókítà tí ó kọ́kọ́ rí i, lọ́wọ́ àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, lọ́wọ́ akunnilóorun, lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tíátà, lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, lọ́wọ́ olóògùn, lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn, kí ó tó wá bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ nílé. Ẹni tí ó bá ti bá aláàárù ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé ẹrù kì í sábà fọ́ lórí ẹni tí ó rù ú. Ìgbà tí a bá ń sọ̀ ọ́ láti orí ẹnì kan sí orí ẹnì kejì, tí ọ̀kan ti jọ̀wọ́ rẹ̀ tí ìkejì kò sì tíì dì í mú, ni ó ń fọ́. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà.

Àwọn kan ti ń dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2009, wọ́n jábọ̀ ìwé pélébé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, ohun 19 ni ó wà nínú rẹ̀, tí gbogbo àwọn tí ó wà ní tíátà gbọ́dọ̀ kà sókè kí a tó kun aláìsàn lóorun, kí abẹ tó kàn án, àti kí ó tó jáde. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ifakara ní Tanzania. Ikú wálẹ̀ láti ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 0.8. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tuntun. Bíbéèrè orúkọ aláìsàn, bíbéèrè bóyá a ti fún un ní oògùn tí ń pa kòkòrò láàárín wákàtí kan tí ó ṣáájú ìgbà tí abẹ yóò kàn án, bíbéèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, àti kí olúkúlùkù sọ orúkọ ara rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tí ó kéré jù níbẹ̀ má baà bẹ̀rù láti la ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà parí sí ẹnu ọ̀nà tíátà, a sì ti rí i pé ìṣòro tiwa ń bẹ lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà náà.

Ẹni tí ó tẹ̀lé aláìsàn jáde kúrò ní tíátà ni Henrik Kehlet, oníṣẹ́ abẹ ará Denmark. Ní ilé ìwòsàn Hvidovre ní Copenhagen, ó ń wo àwọn tí a gé ìfun ńlá wọn, tí wọ́n ń lò tó ọjọ́ mẹ́wàá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé, nígbà tí iṣẹ́ abẹ ti yọrí, kí ni ó tún dá wọn dúró? Ohun tí ó rí ni pé ara kò mọ̀ pé dókítà ni ó gé òun. Lójú ara, ọgbẹ́ ni ọgbẹ́, ìbáà ṣe ti ẹranko búburú ìbáà ṣe ti abẹ: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò ru sókè, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ iṣan ara rẹ̀, ìfun yóò sùn, ọkàn yóò máa sáré. Kehlet sọ ní ọdún 1997, nínú ìwé tí ó di àríkọ́gbọ́n, pé kò sí oògùn kan ṣoṣo tí ó lè pa rògbòdìyàn yìí, àfi kí a kó ọ̀pọ̀ ohun kéékèèké jọ kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó kó wọn jọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn ìfun rẹ̀ ń lọ sílé ní ọjọ́ kejì. Ken Fearon ní Edinburgh àti Olle Ljungqvist ní Sweden pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún 2001, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ERAS (ìmókun kíákíá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ) sílẹ̀ ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ tí ìlànà rẹ̀ ti kan iṣẹ́ abẹ oríṣiríṣi, títí dé orí fífi abẹ gbẹ̀bí.

Nínú àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ebi díẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó ń fi àìfohùnṣọ̀kan wa hàn tó o. Ní ọdún 1946 ni Curtis Mendelson kọ̀wé ní New York nípa àwọn aláboyún tí oúnjẹ àti omi kíkan inú wọn padà sókè nínú oorun oògùn, tí ó sì gba kòmóòkun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà kí a sọ fún gbogbo ènìyàn pé, bí aago méjìlá òru bá ti lù, ẹnu di títì. Ṣùgbọ́n omi lásán, tàbí tíì tí kò ní mílíìkì, kì í pẹ́ nínú ikùn ẹni tí ara rẹ̀ le. Wákàtí méjì ti tó o. Oúnjẹ ni ó ń fẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá fi ojú inú wo ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, ní Ìbàdàn mèsiọ̀gọ̀, tí wọ́n fẹ́ yọ fáíbírọ́ìdì fún. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, wọ́n sì ní kí ó má fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́. Òun ni ẹnì kẹta lórí lísìtì. Iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ pẹ́; iná lọ, wọ́n dúró de jẹnẹrétọ̀; ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì kò tètè dé láti báǹkì ẹ̀jẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n tó wá ti bẹ́ẹ̀dì ìyá yìí wọ tíátà, lẹ́yìn wákàtí méjìdínlógún tí omi ti kan ọ̀fun rẹ̀ gbẹ̀yìn. Orí ń fọ́ ọ, ètè rẹ̀ ti bó, ara rẹ̀ ti ń jẹ ara rẹ̀ kí abẹ tó kàn án rárá. Kò sí ẹni burúkú kan nínú ìtàn yìí. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pa òfin mọ́, akunnilóorun pa òfin mọ́, oníṣẹ́ abẹ kò jókòó. Ohun tí kò sí ni kí ẹnì kan láti tíátà rán iṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù ní aago méje àárọ̀ pé, ‘Ìyá ẹnì kẹta kò ní wọlé kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ fún wọn ní omi tàbí tíì títí di aago mẹ́wàá.’ Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. (Mo yọ àwọn tí iṣẹ́ abẹ wọn jẹ́ ti pàjáwìrì sílẹ̀, àti ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, ti àwọn yẹn yàtọ̀, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ mi dá wọn lóró.)

Bí a bá sì ti ṣe abẹ tán, ebi mìíràn tún ń dúró dè é. Àṣà ni pé kí a má fún ẹni tí a ṣiṣẹ́ inú fún ní ohunkóhun títí yóò fi só, tí gbogbo ẹbí yóò sì máa retí isó yìí bí ẹni ń retí àbọ̀ ọmọ láti ìrìn àjò. Ìwádìí ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ lè mu omi láàárín wákàtí díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kejì, àti pé jíjẹ gan-an ni ó ń jí ìfun. Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, pé àgbà tí ó bá ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lórí bẹ́ẹ̀dì lè máa wo ara rẹ̀ sàn, nítorí ìfun gbàgbọ́ pé oúnjẹ ń bọ̀, ó sì ń dìde.

Omi dírípù ńkọ́? Lójú àwọn ẹbí, ìgò tí ó so kọ́ lórí igi ni ẹ̀rí pé wọ́n ń tọ́jú ènìyàn àwọn. Bí ó bá pé mẹ́fà, inú wọn a dùn ju bí ó bá jẹ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni omi oníyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù a máa wú ìfun, a máa wú ẹsẹ̀, a sì máa rin ẹ̀dọ̀fóró gbingbin.

Ti ìrora wá jẹ́ ọ̀ràn àṣà wa. A ti kọ́ ọkùnrin láti má ké, a ti kọ́ obìnrin láti mú un mọ́ra, aláìsàn yóò sì máa dáhùn pé ‘A dúpẹ́’ nígbà tí ó ń fi eyín gé aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí ojú abẹ ń dùn kò lè mí kanlẹ̀, kò lè wú ikọ́, kò lè dìde. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò wá di sínú àyà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó bá sì já gòkè lọ sí àyà lè pa á lójijì. Bí a bá sì fi oògùn mọfíìnì nìkan pa ìrora náà, ìfun yóò tún padà lọ sùn. Nítorí náà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń da oògùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ níwọ̀nba, parasítámọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú abẹ kú, kí mọfíìnì lè kéré, kí aláìsàn sì lè rọra fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ibí yìí ni ìyá ọkọ yóò ti bọ́ síwájú pé, ‘Má dìde o, ojú abẹ á ṣí!’ Ìfẹ́ ni ó fi ń sọ ọ́. Kò sì sí ẹni tí ó ti sọ fún un pé okùn tí a fi rán an lágbára ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ, àti pé bẹ́ẹ̀dì ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù.

Ohun tí ó ṣáájú abẹ kò ní gbà mí lákòókò. Ilé ni à á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ gbígba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ń mu sìgá, bí ó bá jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àyà rẹ̀ àti ojú egbò rẹ̀ yóò dúpẹ́. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí a ti dá ṣúgà náà lẹ́kun. Àwọn tí wọ́n máa ń wá pẹ̀lú ìpá tí ó ti dì mọ́ wọn níkùn láàárín òru kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, àwọn sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé àìlówó ni ó mú wọn dúró pẹ́ nílé.

Mo fẹ́ kí a wo ẹni tí ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Ní ilé ìwòsàn wa, ẹbí ni ó ń ra ìbọ̀wọ́, ẹbí ni ó ń sáré lọ sí báǹkì ẹ̀jẹ̀, ẹbí ni ó ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn, síbẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń yí ká wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a óò gbọ́ ni pé kí gbogbo olùbẹ̀wò bọ́ síta. Ní ọdún 1954, ní Aró, ní Abẹ́òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, Dókítà Adeoye Lambo ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí. Ó gba àwọn alárùn ọpọlọ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì fẹ́ kí ìbátan kan bá olúkúlùkù wọn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa mú un wá gba ìtọ́jú. Àwọn ará òkèèrè wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìbátan bá lè jẹ́ apá kan ìwòsàn ọpọlọ, èé ṣe tí kò lè jẹ́ apá kan ìwòsàn ojú abẹ? Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru ni yóò kọ́kọ́ rí i pé ara aláìsàn ń gbóná, pé ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà mọ́. Bí a bá kọ́ ọ ní ohun mẹ́ta mẹ́rin tí yóò máa ṣọ́, tí a sì fi ẹni tí yóò ké sí hàn án, ojú tí ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù ti di púpọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ti òyìnbó olówó ni gbogbo èyí. Ní ìdajì, ó kéré tán, nínú àwọn ibi tí Biccard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí wọn, oníṣẹ́ abẹ, dókítà agbẹ̀bí àti akunnilóorun lápapọ̀ kò pé ẹnì kan fún 100,000 ènìyàn, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀ràn tí The Lancet kó jọ wí ní ọdún 2015 pé ó yẹ kí wọ́n tó 20, ó kéré tán. Òtítọ́ ni, ìjọba kò sì gbọdọ̀ fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi yìí ṣe àwáwí láti má gba ènìyàn sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n omi mímu, ìdìde, ọ̀rọ̀ sísọ, àti yíyọ rọ́bà tí a fi ń gba ìtọ̀ ní kíá kí kòkòrò tó gba ibẹ̀ wọlé, èwo nínú wọn ni a ó kó owó fún? Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni pé kí ẹnì kan má wá gbọ́ ọjọ́ kejì ti Copenhagen, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn ènìyàn sílé. Àwọn aláìsàn wa kan ń tètè lọ nítorí owó, àwọn mìíràn ni a sì ń dá dúró lẹ́yìn tí ara wọn ti yá nítorí pé wọn kò tíì san gbèsè. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí ó jẹ́ ìtọ́jú. Ní Hvidovre, ẹni tí ó lọ sílé ní ọjọ́ kejì ti lè jẹun, ó ti lè rìn, oògùn oníhóró sì ti ká ìrora rẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé kan ṣoṣo, kì í ṣe fáìlì tí ó sanra, tí yóò máa bá aláìsàn kiri láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ wá títí dé ilé, tí akunnilóorun, oníṣẹ́ abẹ àti nọ́ọ̀sì yóò jọ máa kọ sínú rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Yorùbá yóò sì wà lọ́wọ́ ẹbí. Kí nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan yóò gbé lóru wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ojú abẹ bá wú, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé, kí a pè kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí wọ́n sì kọ ohun tí àwọn obìnrin máa ń bi mí jù, tí kò sì sí ẹni tí ó ń dá wọn lóhùn títí wọn yóò fi dé ilé, èyíinì ni ìgbà tí wọn yóò tún lè gún iyán. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé lẹ́yìn abẹ inú, kí wọ́n fi odó sílẹ̀ fún ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n má sì gbé korobá omi nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà.